Irùngbọ̀n Jilani Tí Ń So Yìgì Lórí Tẹlifíṣàn

Ọjọ́ tí Jilani oníbúrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ so yìgì tòótọ́ fún òṣèré méjì ni gbogbo Lahore mọ orúkọ rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ìròyìn náà ti kọjá odò Ravi, ó sì ti hu ìyẹ́ lójú ọ̀nà. Àwọn kan ní ìyàwó òṣèrékùnrin náà dákú. Àwọn mìíràn ní òṣèrékùnrin náà bẹ́ láti orí òrùlé kan sí èkejì. Irọ́ ni méjèèjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò ní ìdákú, kò ní bíbẹ́, ó sì tún pani lẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fíìmù ìfẹ́ ni wọ́n ń yà, irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn máa ń gbé jáde lọ́jọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, nígbà tí ikùn ti kún tí kò sì sí ẹni tó lè dìde lórí àga. Orí òrùlé ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò Bhati ni wọ́n wà. Mọ́sálásí ńlá ta funfun lẹ́yìn wọn, àwọn ẹyẹlé ń yí po lókè, atẹ́gùn ìgbà òdòdó sì ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Zarnish ló ń ṣe ìyàwó, Shehroz ló ń ṣe ọkọ. Jilani ni àáfà tí yóò so yìgì. Kì í ṣe àáfà o. Kulcha ló ń yan, búrẹ́dì rírọ̀ tí wọ́n wọ́n yànmọ̀tí sí lórí. Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó fẹ̀, ó bo àyà, ó sì ń dán nítorí òróró. Kò sí àáfà kan ní ìlú náà tó ní irú rẹ̀, ìyẹn ló sì sọ ọ́ di àáfà.

Àwọn tó ń ya fíìmù ní ìṣọ́ra kan tí wọn kì í gbàgbé. Àwọn àgbà ẹ̀sìn ti kìlọ̀ pé yìgì kì í ṣe ohun eré. Ẹni tó bá fi ṣe àwàdà lè bá a pàdé ní òtítọ́. Nítorí náà, tí àáfà inú fíìmù bá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó bóyá ó gbà, orúkọ inú ìwé eré ni yóò pè, yóò sì fi ti bàbá inú ìwé eré mọ́ ọn, bàbá tí ìyá kankan kò bí rí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó yóò gbà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lọ́kọ.

Jilani mọ ìṣọ́ra yìí bó ṣe mọ ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bó ti yíjú sí ìyàwó, ohun tó rí lábẹ́ ìbòrí pupa ni ọmọ Aftab aránṣọ, aládùúgbò rẹ̀, ọmọ tó máa ń wá ra kulcha fún ilé tí yóò sì jẹ ìdajì rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn. Ó lanu, ó ní, "Zarnish, ọmọ Aftab, ṣé o gbà kí Shehroz, ọmọ Naveed oníṣègùn eyín, di ọkọ rẹ?" Ó mọ bàbá Shehroz náà, nítorí pé "ọmọ ta ni ọ́?" ni ìkíni rẹ̀ fún gbogbo ẹ̀dá. Zarnish, tí ọkàn rẹ̀ wà lórí bí omijé yóò ṣe jáde lójú rẹ̀, dáhùn pé òun gbà, òun gbà, òun gbà, kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ.

Ẹni tó ń pín tíì fún wọn jẹ́ kí àwo bọ́. Mahpara, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń darí eré náà, ní kí ẹnikẹ́ni má mira. Ọkùnrin tó ń tan iná fún kámẹ́rà àti awakọ̀ wọn wo ara wọn, wọ́n sì rántí pé mùsùlùmí àgbàlagbà ni àwọn méjèèjì, pé ẹlẹ́rìí ni àwọn nìyẹn. Awakọ̀ yára sọ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan, pé etí ti ń dun òun láti àná. Ìyàwó tí Shehroz fẹ́ sílé, tó ń jẹ ọsàn nísàlẹ̀, gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú èèpo lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Ta ló gbà?"

Wọ́n sáré pe Lèmọ́ọ̀mù mọ́sálásí ìtòsí. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó ní ìbéèrè kan péré ni òun ní: kí ni ọkọ dáhùn? Gbogbo ojú yí sí Shehroz. Shehroz họrí. Kò dáhùn nǹkan kan níbi yìgì náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, kò rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Páálí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí fún un, atẹ́gùn sì ti gbé páálí tọjọ́ náà lọ sórí òrùlé kejì. Lèmọ́ọ̀mù ní kí wọ́n dúpẹ́, kò sí yìgì. Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹnìkan yin Shehroz pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀ nìyẹn, ìyàwó rẹ̀ ló sì yìn ín.

Jilani kò rí ẹ̀bi kankan lára ara rẹ̀. Ó ní oníbúrẹ́dì kò lè so yìgì, bí Lèmọ́ọ̀mù kò ṣe lè yan kulcha. Lèmọ́ọ̀mù wò ó látòkè délẹ̀. Ó ní, "Jilani, ẹnu rẹ kò lè so yìgì. Irùngbọ̀n yẹn ni mò ń bẹ̀rù."

Ẹ ó rò pé wọn kò ní pè é mọ́. Wọ́n pè é. Irú irùngbọ̀n bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́jà. Òun náà kò sì ní kọ̀ láé, nítorí pé ohun kan wà tó ń wá lọ́dọ̀ wọn tí kò tíì rí: ojú rẹ̀. Láti ọdún tó ti ń so yìgì fún àwọn òṣèré, ojú Jilani kò hàn rí nínú fíìmù kan. Tí wọ́n bá dé ibi yìgì, ojú ìyàwó ni kámẹ́rà ń wá. Ẹ̀yìn àáfà la máa ń rí: láwàní kan, etí irùngbọ̀n díẹ̀, ìka tó ń ṣí ìwé.

Síbẹ̀ náà, ọdọọdún ni yóò pe gbogbo àdúgbò sí àgbàlá rẹ̀. Sughra aya rẹ̀ yóò se sewai, oúnjẹ ọdún tó dà bí núdù tín-ín-rín, pẹ̀lú wàrà àti dàbínù, wọn yóò gbé tẹlifíṣàn lé orí àgbá ìyẹ̀fun, àwọn ọmọdé yóò jókòó sílẹ̀. Tí yìgì bá dé, Jilani yóò gbọ́wọ́ sókè kí ilé pa rọ́rọ́. Láwàní yóò kọjá. Yóò bojú wẹ̀yìn, yóò ní, "Ẹ rí mi?"

Billa oníwàrà, tí ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ ti Jilani, ló máa ń dáhùn. Ó ti ja ìjàkadì nígbà èwe rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "A rí láwàní, Ustad. Ta ló wé e?"

Ilé yóò rẹ́rìn-ín. Jilani náà yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Sughra kì í rẹ́rìn-ín. Òun ló ń sọ fún àwọn obìnrin níbi omi àti níbi ìsìnkú pé ọkọ òun wà lórí tẹlifíṣàn, tí wọ́n sì ń mi orí bí ẹni ń ṣàánú aláìsàn. Lọ́dún kan, ó dá Billa lóhùn pé èjìká ọkọ òun ni, pé òun ló ń fi òróró pa á, òun kò lè ṣì í mọ̀. Ẹ̀rín tó tẹ̀lé e pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni Jilani ti pinnu pé ojú òun gbọ́dọ̀ hàn kí òun tó kú. Kì í ṣe nítorí Billa. Ó kàn ń fi ti Billa ṣe àwáwí ni.

Ká sọ òtítọ́, àwọn fíìmù náà kò fún un láyè púpọ̀. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọmọbìnrin kan yóò ti Lọ́ńdọ̀nù dé, yóò fẹ́ ta ilé bàbá bàbá rẹ̀ ní Lahore. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe káìtì, bébà tí wọ́n ń fi okùn jù sí atẹ́gùn, yóò ní kó má tà á. Wọn yóò jà lórí ilé, wọn yóò jà nínú ọkọ̀ ojú omi, òjò yóò pa wọ́n pọ̀ nínú ọgbà òdòdó, ìyá ọmọkùnrin yóò ní òun kò gbà, yóò sì gbà. Ilé kò ní tà mọ́. Yìgì. Jilani a sì máa yọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ létí àwọn oníbàárà rẹ̀ kí ọdún tó dé, bí ẹni tú àṣírí ọba: "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Wọ́n máa fẹ́ra wọn."

Ohun tó kọ́kọ́ dán wò ni dígí. Níbi ìgbéyàwó wa ní Lahore, lẹ́yìn yìgì, wọ́n máa ń gbé dígí sáàárín ọkọ àti ìyàwó kí ọkọ lè kọ́kọ́ rí ojú ìyàwó rẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú fíìmù, ibẹ̀ ni omijé àwọn obìnrin ti máa ń dà. Kámẹ́rà sún mọ́ dígí náà. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọkọ bojú wolẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó mí kanlẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, Jilani sì ń rẹ́rìn-ín sí i láti inú dígí, pẹ̀lú gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ti fi ìka ẹsẹ̀ yí dígí náà díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tó ti jókòó.

Mahpara pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Bàbá, ìyàwó ni ọkùnrin yẹn ń wá nínú dígí."

"Ó rí ẹni tó fún un níyàwó, ọmọ mi," ni Jilani wí. "Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Wọ́n gé e kúrò. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó pinnu láti dúnàádúrà. Ní ti ìdúnàádúrà, Jilani kò ní alábàádù. Wọ́n ní ó ti bá oníyẹ̀fun jiyàn rí títí oníyẹ̀fun fi ra kulcha kó tó lọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó sọ fún Mahpara pé òun kò fẹ́ àfikún owó, ìjókòó ni kó yí padà. Kí àáfà kọjú sí kámẹ́rà. Mahpara ṣàlàyé fún un pé ọkọ ni àáfà ń kọjú sí. Jilani ní kí wọ́n yí ọkọ padà nígbà náà. Mahpara ní tí wọ́n bá yí ọkọ padà, kò ní sí ẹni tó máa rí ojú ọkọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ojú ọkọ ni àwọn obìnrin ń jókòó wò.

Jilani ronú sí i. "Ìyàwó mi náà obìnrin ni," ló wí. "Kò fẹ́ rí ojú Shehroz."

Síbẹ̀, Mahpara kò yí ìjókòó padà. Nítorí náà ni Jilani fi gbé wáàsí dé. Èrò rẹ̀ ni pé tí òun bá sọ̀rọ̀ pẹ́ tó, ojú ìyàwó yóò sú kámẹ́rà, yóò sì wá òun wá. Ìwé eré ní kó sọ gbólóhùn díẹ̀ lórí sùúrù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí sùúrù, ó bọ́ sórí ìyá ọkọ, ó bọ́ sórí ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fi ẹfun lú, ó sì gba ọkọ níyànjú pé ilé tí búrẹ́dì bá ti ń le kò ní pẹ́ tú. Làálì ọwọ́ ìyàwó gbẹ, ó fọ́. Òṣèrébìnrin tó ń ṣe ìyá ọkọ sùn lọ tòótọ́, wọ́n sì yìn ín lẹ́yìn náà pé kò sí ẹni tó lè ṣe ojú ìrora tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọdún dé, wọ́n ti fi fèrè bo gbogbo wáàsí náà. A rí láwàní kan tó ń mì sókè sódò bí orí ewúrẹ́ tó ń jẹko. Billa ní ta ló ń fun fèrè yẹn, ó mà dára o.

Nígbà òdòdó ọdún yìí, kí Ramadan tó dé, wọ́n tún ránṣẹ́ pè é. Ikọ́ ti mú un jìnnà nígbà náà. Dókítà ti ní kó kúrò nídìí ààrò, àna rẹ̀ ló sì ń yan kulcha. Sughra ní kò ní lọ. Àtẹ̀gùn ilé náà ga, èémí rẹ̀ kò sì tó láti rìn dé mọ́sálásí. Mahpara fúnra rẹ̀ wá kí wọn nílé, ó ní kó sinmi, òun á wá ẹlòmíràn.

"Pẹ̀lú irùngbọ̀n wo?" ni Jilani béèrè.

Mahpara wọ ilé ìdáná lọ bá Sughra. Àwọn méjèèjì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, Mahpara sọ fún un pé tó bá lè gun òrùlé náà, lọ́tẹ̀ yìí, òun á fi ojú rẹ̀ hàn. Ó ṣèlérí. Jilani dìde, ó lọ wá láwàní rẹ̀ tó dára jù.

Àga ni wọ́n fi gbé e gun àtẹ̀gùn, ó sì ń juwọ́ sí ẹni tó rí àti ẹni tí kò rí bíi gómìnà. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ya ibi tí àáfà ti ń wọlé, tí a rí i láti òkèèrè. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ ya yìgì pẹ̀lú ojú rẹ̀. Ẹ mọ bí inú rẹ̀ á ti dùn tó. Ó dé ilé, ó rò ó pé ọkùnrin tí gbogbo Pakistan máa rí kò yẹ kó funfun bíi wàrà Billa. Sughra ní kó fi í sílẹ̀. Kò gbọ́. Nígbà tó dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti fi làálì kun irùngbọ̀n náà. Ó pọ́n bí ọsàn. Àáfà tó ti wọlé pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun fẹ́ jókòó so yìgì pẹ̀lú èyí tó ń jó bí iná.

Mahpara jókòó sórí àpótí. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, wọ́n fi wàrà kíkan fọ̀ ọ́. Pípọ́n ló tún ń pọ́n sí i. Níkẹyìn, Mahpara wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kò lè gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yìn náà la ó tún yà."

Jilani ní, "Èmi ni mo kùn ún." Ó yí ìjókòó rẹ̀ padà fúnra rẹ̀.

Ìyàwó ọdún yìí ni Parniyan, ọmọbìnrin kan láti Multan. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe ni eré, bàbá rẹ̀ kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Jilani pe orúkọ inú ìwé eré tó sì fi ti bàbá mọ́ ọn, pẹ̀lú ìṣọ́ra tó péye lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n dúró. Omijé tó ń bọ́ lójú rẹ̀ kì í ṣe ti eré. Jilani bá pa ìwé dé. Ó yí gbogbo ara rẹ̀ padà sí ọmọ náà, ó tú etí láwàní rẹ̀, ó nà án sí i kó fi nu ojú.

"Má kánjú, ọmọ mi," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ń lé ọ. Tó o bá gbà, ó dára. Tó ò bá gbà, a ó jẹun, a ó sì sìn ọ́ délé."

Oníkámẹ́rà gbójú sókè pé ṣé kí òun pa á. Mahpara mi orí pé rárá. Parniyan nu ojú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun gbà. Jilani padà sí ìjókòó rẹ̀, ó bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n má bínú, òun ti ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Ó kú láàárín Ramadan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ní orí ibùsùn rẹ̀. Àwọn kan ní ó ń ṣe wáàsí lọ́wọ́. Sughra ní irọ́ ni, ó sùn ni. Ohun tí Jilani ti sọ fún un nípa fíìmù náà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: kó má pe ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí, ẹ̀yìn náà ló máa jẹ́, wọ́n á tún fi ṣe ẹlẹ́yà. Mahpara wá síbi àdúrà ọjọ́ mẹ́ta, ó sunkún, kò sì sọ nǹkan kan nípa fíìmù.

Nígbà tí ọdún dé, Sughra se sewai. Ó rán àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sí gbogbo ẹnu ọ̀nà. Tahmina ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó rántí ohun tí bàbá wọn sọ. Ó ní òun rántí. Ó ní tó bá jẹ́ ẹ̀yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni òun fẹ́ rí.

Àgbàlá kún. Billa mú kólòbó wàrà dání wá, ó jókòó sẹ́yìn, létí ògiri. Ọmọbìnrin ti Lọ́ńdọ̀nù dé, wọ́n jà, òjò rọ̀, ìyá kọ̀, ìyá gbà. Yìgì dé. Kò sí ẹni tó gbọ́wọ́ sókè lọ́tẹ̀ yìí, síbẹ̀ ilé pa rọ́rọ́. Láwàní náà nìyẹn. Ẹ̀yìn náà nìyẹn. Àwọn ènìyàn ń yọ́ wo Billa. Billa wo ilẹ̀.

Láwàní náà bá yí padà. Irùngbọ̀n pupa bí ọsàn kún tẹlifíṣàn láti igun dé igun, ojú Jilani sì wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú imú rẹ̀, pẹ̀lú àpá tí iná ààrò fi sí i ní ìpéǹpéjú. "Má kánjú, ọmọ mi," ló wí, ohùn rẹ̀ gan-an, kò sí fèrè. Wọn kò gé nǹkan kan. Ọmọdé kan ní Bàbá ni. Tahmina bo ojú.

Billa ló dìde, bó ti sanra tó. "Sughra," ló wí, "òun ni."

Sughra kò yíjú. Ó ń wo bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń na etí láwàní sí ọmọbìnrin ará Multan, ẹ̀rín sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omijé ṣe ń jáde lójú rẹ̀. "Ẹ wo Bàbá Tahmina," ló wí. "Láti ọjọ́ yìí ló ti ń wá kámẹ́rà kiri. Kámẹ́rà wá rí i tán, ọmọ ọlọ́mọ ló ń wò."